Ìbéèrè ipò àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ nínú ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́: báwo lẹ ṣe ń yanjú rẹ̀?

Olùgbìyànjú

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ kan, apá tó sì ń dà mí láàmú jù nínú rẹ̀ ni ti àròjinlẹ̀, pàápàá àwọn ìbéèrè tó máa ń to ènìyàn sórí ìlà, tí wọ́n á wá béèrè pé ta ló wà níbo.

Èyí tó rọrùn kò ṣòro fún mi. Bí wọ́n bá ní Bọ́lá wà ní ipò 14 láti ọwọ́ òsì, tó sì wà ní ipò 23 láti ọwọ́ ọ̀tún, mo mọ̀ pé 36 ni gbogbo wọn, torí wọ́n ti kọ́ mi pé kí n ro méjèèjì pọ̀, kí n yọ 1. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mú ẹnì kejì wọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n ní àwọn méjì pààrọ̀ ipò, tàbí tó di ọ̀rọ̀ ta ló ga ju ta lọ, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú. Ìbéèrè kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ mi.

Mo rí ìwé kan tó to fọ́múlà rẹpẹtẹ jọ fún un. Ṣé kí n há gbogbo rẹ̀ sórí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ìdánwò yìí kọjá, ọ̀nà wo lẹ gbà?

Afìlàṣirò

Má tíì há nǹkan kan sórí, àbúrò mi. Kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè pé kí ni 1 tó o ń yọ yẹn. Nígbà tí wọ́n ní Bọ́lá wà ní ipò 14 láti òsì, Bọ́lá fúnra rẹ̀ wà nínú 14 yẹn. Nígbà tí wọ́n tún ní ó wà ní ipò 23 láti ọ̀tún, ó tún wà nínú 23. Ẹnì kan ṣoṣo lo kà lẹ́ẹ̀mejì. 1 tó o yọ, Bọ́lá tó o kà ní àkàtúnkà ni.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà ni èmi máa ń kà. Ipò 14 láti òsì túmọ̀ sí pé ènìyàn 13 ló wà lósì rẹ̀. Ipò 23 láti ọ̀tún túmọ̀ sí pé ènìyàn 22 ló wà lọ́tùn-ún rẹ̀. 13, 22, àti òun fúnra rẹ̀: 36. Ẹni tó bá ń ronú báyìí kò ní gbàgbé 1 yẹn láéláé, torí ó mọ ẹni tó jẹ́.

Bákan náà ni tí wọ́n bá yí i padà. Ká ní wọ́n sọ fún ọ pé ìlà náà jẹ́ ènìyàn 36, Bọ́lá wà ní ipò 14 láti òsì, wọ́n wá ní kí o sọ ipò rẹ̀ láti ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa yọ 14 kúrò nínú 36, wọ́n á mú 22, wọ́n á sì bá 22 nínú àwọn ìdáhùn tó wà nílẹ̀, torí ẹni tó ṣe ìbéèrè mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún Bọ́lá ni 22. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹni 23.

Tí iyèméjì bá mú ọ lórí ìjókòó ìdánwò, fa ìlà ènìyàn mẹ́ta péré. Ẹni àárín wà ní ipò 2 láti òsì, ó wà ní ipò 2 láti ọ̀tún. 3 yọ 2 jẹ́ 1, 1 kì í sì í ṣe ipò rẹ̀, nítorí náà o ní láti fi 1 kún un. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ó sì máa ń parí àríyànjiyàn.

Màmá Ìbejì

Mo fara mọ́ ohun tí Afìlàṣirò sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni méjì kún un, torí ibẹ̀ gan-an ni fọ́múlà ti ń da àwọn ọmọ láàmú.

Ìlà ènìyàn 40. Dúpẹ́ wà ní ipò 11 láti òsì, Fẹ́mi wà ní ipò 17 láti ọ̀tún. Ènìyàn mélòó ló wà láàárín wọn? Ohun tí ìwé máa ní kí o ṣe ni pé kí o yọ méjèèjì kúrò nínú 40: 40 − 11 − 17 = 12. Ó tọ̀nà. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká yí nọ́ńbà padà. Ìlà ènìyàn 40 náà ni, Dúpẹ́ wà ní ipò 28 láti òsì, Fẹ́mi wà ní ipò 21 láti ọ̀tún. Tí o bá ṣe bí ti àkọ́kọ́, −9 ni wàá rí, ọkàn rẹ á sì pòrúurùu. Ìwé á wá fún ọ ní fọ́múlà mìíràn fún èyí.

Èmi kì í lo ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á kó àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ipò 21 láti ọ̀tún nínú ìlà ènìyàn 40 jẹ́ ipò 20 láti òsì (40 − 21 + 1). Dúpẹ́ wà ní 28, Fẹ́mi wà ní 20, gbogbo rẹ̀ láti òsì. Àwọn tó wà láàárín ni 21 títí dé 27, ìyẹn ènìyàn 7. Ó ti parí. Ti àkọ́kọ́ náà ńkọ́? Fẹ́mi tó wà ní 17 láti ọ̀tún jẹ́ 24 láti òsì, Dúpẹ́ wà ní 11, àárín wọn jẹ́ 12 títí dé 23, ènìyàn 12. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì, kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá wọ́n ti kọjá ara wọn tàbí wọn ò tíì kọjá.

Òǹkàwé Òru

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o, mo ní èrò tó yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìdánwò tí ìbéèrè pọ̀ tí àkókò ò tó, ẹni tó ń fa ìlà fún gbogbo nǹkan ò ní dé ìparí. Fọ́múlà mẹ́rin ni mo há sórí, mo sì ń rí èrè rẹ̀: ti àròpọ̀, ti ìyípadà ẹ̀gbẹ́, ti àárín ẹni méjì, ti iye tó kéré jù. Bí mo bá ti ka ìbéèrè tán, ìdáhùn ti jáde.

Tíṣà Ìṣirò

Ohun tí Òǹkàwé Òru sọ tọ̀nà dé ibì kan, mi ò sì ní kó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí n fi ibi tí fọ́múlà ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀ hàn yín, torí àwọn tó ń ṣe ìdánwò mọ ibẹ̀ dáadáa.

Dúpẹ́ wà ní ipò 15 láti òsì. Fẹ́mi wà ní ipò 18 láti ọ̀tún. Ènìyàn 6 ló wà láàárín wọn. Mélòó ni gbogbo wọn?

Bí ìbéèrè bá dúró síbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ pé Dúpẹ́ wà lósì, Fẹ́mi wà lọ́tùn-ún, àwọn 6 wà láàárín. Nígbà náà, 15 + 6 + 18 = 39. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti kọjá ara wọn: Dúpẹ́ wà ní 15, o fo ènìyàn 6 sẹ́yìn sí òsì, Fẹ́mi bọ́ sí ipò 8 láti òsì. Fẹ́mi yìí kan náà wà ní 18 láti ọ̀tún, nítorí náà 8 + 18 − 1 = 25. Bí wọ́n bá béèrè iye tó kéré jù, 25 ni. Bí wọ́n bá béèrè iye tó pọ̀ jù, 39 ni. Bí wọn ò bá sọ èwo, wo inú ìdáhùn bóyá ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa kò tó.

Fọ́múlà tí wọ́n máa ń há sórí fún iye tó kéré jù ni pé kí o ro ipò méjèèjì pọ̀, kí o yọ iye àwọn tó wà láàárín, kí o tún yọ 2: 15 + 18 − 6 − 2 = 25. Ó bá tiwa mu. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ lórí èyí: Dúpẹ́ wà ní ipò 5 láti òsì, Fẹ́mi wà ní ipò 4 láti ọ̀tún, ènìyàn 6 wà láàárín wọn, kí ni iye tó kéré jù? Fọ́múlà á sọ fún ọ pé 1. Ìlà ènìyàn kan, tí ẹnì kan wà ní ipò 5 nínú rẹ̀! Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé wọn ò lè kọjá ara wọn rárá, torí tí o bá fo ènìyàn 6 sí òsì Dúpẹ́ tó wà ní ipò 5, o ti jábọ́ kúrò lórí ìlà. Àwòrán kan ṣoṣo ló ṣeé ṣe, 5 + 6 + 4 = 15, 15 yìí ló kéré jù, òun náà ló pọ̀ jù.

Kí wọ́n tó lè kọjá ara wọn, ipò kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ fi 2, ó kéré tán, ju iye àwọn tó wà láàárín lọ. Níbi tí àwọn tó wà láàárín ti jẹ́ 6, ipò méjèèjì gbọ́dọ̀ tó 8. 15 àti 18 ju 8 lọ, kò sí wàhálà. 5 àti 4 kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fa ìlà máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó há fọ́múlà ní láti há àyẹ̀wò yìí mọ́ ọn.

Òǹkàwé Òru

Ẹ ṣeun gan-an, Tíṣà. Àyẹ̀wò yẹn kò sí nínú ìwé tí mo lò. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Olùgbìyànjú

Ọlọ́run á bùkún yín. Ti àárín ẹni méjì ti yé mi báyìí. Ti pàṣípààrọ̀ ló kù. Irú èyí: Kúnlé wà ní ipò 9 láti òsì, Títí wà ní ipò 13 láti ọ̀tún. Wọ́n pààrọ̀ ipò, Kúnlé wá di ipò 16 láti òsì. Títí á wà ní ipò wo láti ọ̀tún báyìí? Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo fẹ́ ti mú un.

Afìlàṣirò

Gbé ojú kúrò lára ènìyàn, wo àga. Àga kì í rìn. Kúnlé ti lọ jókòó sórí àga Títí, àga yẹn sì ní nọ́ńbà méjì tó o mọ̀ báyìí: 13 láti ọ̀tún (ìgbà tí Títí wà lórí rẹ̀ ni wọ́n sọ èyí), àti 16 láti òsì (ìgbà tí Kúnlé dé ibẹ̀ ni wọ́n sọ èyí). Àga kan tó o mọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti fún ọ ní gbogbo ìlà: 16 + 13 − 1 = 28.

Títí náà ti lọ sórí àga Kúnlé, tó jẹ́ 9 láti òsì. Nínú 28, 9 láti òsì jẹ́ 28 − 9 + 1 = 20 láti ọ̀tún. 20 ni ìdáhùn.

Tí o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: Kúnlé sún síwájú ní 7, láti 9 dé 16. Títí gbọ́dọ̀ sún padà ní 7 náà. 13 + 7 = 20. Bí ó bá jẹ́ ipò Títí nìkan ni wọ́n béèrè, tí wọn ò béèrè iye gbogbo ìlà, ọ̀nà kejì yìí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Màmá Ìbejì

Irú kan tún wà tí mi ò tíì rí ẹni tó mẹ́nu kàn án, ti kíláàsì. Wọ́n á ní kíláàsì kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 48, àwọn obìnrin jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin. Kúnlé, tó jẹ́ ọkùnrin, wà ní ipò 19 láti òkè, obìnrin 12 ló wà lókè rẹ̀. Ọkùnrin mélòó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?

Ẹ pín in sí àpótí mẹ́rin lórí pépà: ọkùnrin lókè, obìnrin lókè, ọkùnrin nísàlẹ̀, obìnrin nísàlẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ 16, obìnrin jẹ́ 32. Àwọn tó wà lókè Kúnlé jẹ́ 18, kì í ṣe 19. Nínú wọn, obìnrin 12, nítorí náà ọkùnrin 6. Ọkùnrin tó kù nísàlẹ̀ jẹ́ 16 − 6 − 1, torí Kúnlé fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, kò sì sí lókè tàbí nísàlẹ̀ ara rẹ̀. Ìdáhùn: 9. Obìnrin nísàlẹ̀ jẹ́ 32 − 12 = 20. Ro 9 àti 20 pọ̀, 29 ni, 48 − 19 náà sì jẹ́ 29. Tí àpótí méjèèjì ìsàlẹ̀ bá bá èyí mu, ẹ máa bá tiyín lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Irú rẹ̀ mìíràn ni ti àwọn tó yege àti àwọn tó fìdí rẹmi. Wọ́n á ní nínú àwọn tó yege, Kúnlé wà ní ipò 21 láti òkè, ipò 17 láti ìsàlẹ̀, ènìyàn 8 fìdí rẹmi, ènìyàn 3 kò wá. Àwọn tó yege jẹ́ 37. Ẹ ka ìbéèrè dáadáa níbẹ̀ o: bí wọ́n bá ní mélòó ló wà ní kíláàsì, 48, bí wọ́n bá ní mélòó ló jókòó ṣe ìdánwò, 45. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń wà nínú ìdáhùn.

Aláròjinlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìfiwéra, ta ló ga, ta ló dàgbà, ta ló wúwo. Ibí yìí ni mo gbà pé máàkì pọ̀ sí jù, torí kò sí ìṣirò ńlá kankan níbẹ̀, ìfọ̀kànsí nìkan ló gbà.

Ohun àkọ́kọ́: kọ ọ́ sókè pépà pé èwo ni orí, èwo ni ìdí. Tí ó bá jẹ́ gíga, orí ni ẹni tó ga jù. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí ló wà lórí. Tí ó bá jẹ́ eré sísá, ẹni tó lo àkókò tó kéré jù ló wà lórí. Tí ó bá jẹ́ ipò, nọ́ńbà tó kéré ló wà lórí: tí wọ́n bá ní Kúnlé fi ipò 4 wà lókè Ṣadé, tí Ṣadé sì jẹ́ 15, Kúnlé jẹ́ 11, kì í ṣe 19.

Ohun kejì: má ṣe kọ ju ohun tí wọ́n sọ lọ. Ẹ wo èyí. Bísí, Dúpẹ́, Fẹ́mi, Kúnlé àti Ṣadé, gíga wọn kò dọ́gba. Kúnlé ga ju Bísí àti Ṣadé lọ. Dúpẹ́ ga ju Kúnlé lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ga jù.

Kúnlé ju B àti S lọ. D ju K lọ, nítorí náà D ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀ ẹnì kan ga ju D lọ. Ta ló kù? Fẹ́mi nìkan. Ìlà wa di báyìí:

F > D > K > (B, S)

Mo fi B àti S sínú àkámọ́ torí kò sí ẹni tó sọ èwo nínú wọn ló ga ju èkejì lọ. Àkámọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí wọ́n bá béèrè pé ta ló kúrú jù, ìdáhùn ni pé a ò lè mọ̀. Tí wọ́n bá béèrè pé ta ló wà ní àárín gbùngbùn, Kúnlé ni, kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìbéèrè kan ní ìdáhùn, èkejì kò ní. Àwọn ènìyàn máa ń ṣe àṣìṣe lápá méjèèjì: àwọn kan á kọ B ṣáájú S nítorí pé B ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn mìíràn á rí i pé ìlà náà kò pé, wọ́n á sì sáré mú "a kò lè mọ̀" fún ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn. Kó o tó mú un, wo bóyá ohun tí wọ́n béèrè kan ibi tó ṣì wà nínú àkámọ́.

Tí wọ́n bá wá fi kún un pé ẹnì kan ṣoṣo ni Ṣadé ga jù lọ, àkámọ́ ti tú: Ṣadé ní ipò kẹrin, Bísí nísàlẹ̀ pátápátá. Irú gbólóhùn báyìí, tó ní "ẹnì kan ṣoṣo" tàbí "ẹni méjì péré", ló lágbára jù nínú ìbéèrè, torí ó fún ọ ní ipò gan-an. Òun ni kí o kọ́kọ́ wá kí o tó kọ ohunkóhun.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "kò ga ju". Tí wọ́n bá ní Bísí kò ga ju Ṣadé lọ, ó lè kúrú jù ú, wọ́n sì lè dọ́gba. Àfi tí wọ́n bá ti sọ pé gíga wọn yàtọ̀ síra ni ẹ lè kọ ọ́ pé S > B.

Òǹkàwé Òru

Mo fẹ́ fi kan kún ti Aláròjinlẹ̀. Tí ìdáhùn bá jẹ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ odidi, bíi "F, D, K, S, B", ẹ má tò ó fúnra yín. Ènìyàn márùn-ún ṣeé tò ní ọ̀nà 120, ṣùgbọ́n ìdáhùn mẹ́rin péré ló wà níwájú yín. Ẹ mú gbólóhùn kan, ẹ fi pa gbogbo ìdáhùn tó ta kò ó, kẹ́ ẹ tó mú gbólóhùn kejì. Ó sábà máa ń ku ẹyọ kan kẹ́ ẹ tó dé gbólóhùn ìkẹyìn.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tó, àfi tí Kúnlé àti Kẹ́mi bá jọ wà níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà méjì nígbà náà.

Tíṣà Ìṣirò

Nǹkan méjì ṣì kù tó yẹ kí Olùgbìyànjú mọ̀.

Ìkíní, ẹni kẹta láti ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ẹni kẹta sí ọwọ́ òsì Bísí. Ti àkọ́kọ́, ìkángun ìlà lo ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, ẹni ìkángun sì ni 1. Ti ìkejì, ẹni tó fara kan Bísí ni 1, Bísí fúnra rẹ̀ kò sí nínú kíkà. Bí Bísí bá wà ní ipò 10 láti òsì, ẹni kẹta sí òsì rẹ̀ wà ní ipò 7, ènìyàn méjì ló sì wà láàárín wọn, kì í ṣe mẹ́ta.

Ìkejì, òsì ta ni? Bí wọ́n bá ní ìlà náà kọjú sí àríwá, òsì wọn ni òsì pépà rẹ. Bí wọ́n bá kọjú sí gúúsù, òsì wọn ni ọ̀tún pépà rẹ. Fa ọfà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kó o tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Mo ti rí àwọn tó mọ ìṣirò dunjú tí wọ́n pàdánù ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tẹ̀ léra wọn lórí àwòrán kan ṣoṣo, torí pé wọ́n yí òsì padà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aláròjinlẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àbá dídá náà, torí ọ̀pọ̀ ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ máa ń yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ́. Ká ní ìdáhùn mẹ́rin ló wà, èyí tó tọ́ ń gba máàkì 1, èyí tí kò tọ́ ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì. Ẹni tó kàn di ojú dá àbá lórí ìbéèrè 12, ní ìpíndọ́gba, á gba 3, á kùnà 9. Ó jèrè máàkì 3, ó sì pàdánù 3. Òfo ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti pa ìdáhùn méjì kúrò kó tó dá àbá, á gba 6, á kùnà 6: ó jèrè 6, ó pàdánù 2, máàkì 4 ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Nínú ìbéèrè ìtòlẹ́sẹẹsẹ, gbólóhùn kan ṣoṣo lè pa ìdáhùn méjì. Nítorí náà, bí àkókò bá ń lọ, ẹ má fi irú ìbéèrè yìí sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ lo gbólóhùn tó lágbára jù nínú rẹ̀, ẹ mú nínú ohun tó kù, ẹ máa lọ. Ẹ kàn kọ́kọ́ ka ìlànà ìdánwò tiyín, torí iye tí wọ́n ń yọ kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo.

Màmá Ìbejì

Fún ìgbáradì, ohun tó ran àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ jù ni kí wọ́n máa ṣe ìbéèrè fúnra wọn. Kọ lẹ́tà mẹ́wàá sórí ìlà, kọ gbólóhùn mẹ́rin nípa wọn, bo ìlà mọ́lẹ̀, fún ẹlòmíràn kó tò ó padà. Tí kò bá lè tò ó, ẹ jọ wá gbólóhùn tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ sínú ìbéèrè yóò mọ ibi tó ti máa wá a.

Olùgbìyànjú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti jókòó tì í láti ìgbà tí ìdáhùn ti ń wọlé. Ẹ wo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ sọ bóyá ó tọ̀nà.

Ìlà kan kọjú sí àríwá. Bísí wà ní ipò 12 láti òsì. Kúnlé jẹ́ ẹni karùn-ún sí ọ̀tún Bísí, ó sì wà ní ipò 20 láti ọ̀tún. Fẹ́mi wà ní ipò 9 láti ọ̀tún. Dúpẹ́ wà ní àárín gbùngbùn Bísí àti Fẹ́mi. Ènìyàn mélòó ló wà láàárín Kúnlé àti Dúpẹ́?

Mo fa ọfà sókè, òsì wọn ni òsì mi. Kúnlé: 12 + 5 = 17 láti òsì. Ó wà ní 20 láti ọ̀tún, gbogbo ìlà jẹ́ 17 + 20 − 1 = 36. Fẹ́mi: 36 − 9 + 1 = 28 láti òsì. Dúpẹ́ wà ní àárín 12 àti 28, ìyẹn 20. Láàárín Kúnlé tó wà ní 17 àti Dúpẹ́ tó wà ní 20, ẹni 18 àti ẹni 19 ló wà. Ènìyàn 2.

Afìlàṣirò

Ó tọ̀nà délẹ̀délẹ̀, àbúrò mi. Bẹ́ ẹ bá ka àwọn tó wà láàárín Bísí àti Dúpẹ́, 13 dé 19, wọ́n jẹ́ 7. Láàárín Dúpẹ́ àti Fẹ́mi, 21 dé 27, wọ́n jẹ́ 7.

Tíṣà Ìṣirò

Mo fi ọwọ́ sí i. Fi èyí kún àyẹ̀wò rẹ: ẹni méjì máa ń ní ẹnì kan ní àárín gbùngbùn wọn kìkì tí àròpọ̀ ipò wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan náà bá ṣeé pín sí méjì. 12 àti 28 jẹ́ 40, ó ṣeé pín. Ká ní o rí 27 fún Fẹ́mi nítorí pé o gbàgbé láti fi 1 kún un, 39 ni ìbá jẹ́, kò sì ní sí àga kankan fún Dúpẹ́. Tí o bá bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé nínú ìdánwò, má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Padà sí ibi tó o ti yí ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ibẹ̀ ni 1 ti sọnù.